Ọkọ̀ asáré àtijọ́ nínú ọgbà ilé: èwo lẹ máa dá padà, èwo lẹ máa yí?

Ẹ gbé ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tó ti pẹ́ jáde kúrò lábẹ́ tapólì ní Àkúrẹ́, yálà ní Ìjàpọ̀ tàbí ní Òkè-Àrò, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mẹkáníìkì á ní kí ẹ yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, kí ẹ fi ti Toyota rọ́pò, kí ara lè tù yín. Ẹni tó ń kun ọkọ̀ á ní ọ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bò ó, kí ojú rẹ̀ lè jọ ojú. Àbúrò bàbá yín tó wà lókè òkun á pè lórí fóònù pé ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun lára rẹ̀, pé bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde gan-an ló fi níye lórí. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, àmọ́ gbogbo wọn ń pè é ní "títún ọkọ̀ ṣe", ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ẹni tó ni ọkọ̀.

Iṣẹ́ kìíní ni dídá ọkọ̀ padà, kí gbogbo rẹ̀ rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ tó wà nínú ìwé rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á sì jẹ́ èyí tó bá a wá. Ẹni tó bá ní Mercedes 280 SL, èyí tí òrùlé irin rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀ láàárín, tí wọ́n ṣe dé 1971, kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ṣeré. Àwọn tó ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ́ wo nọ́ńbà yẹn kí wọ́n tó wo ọ̀dà. Bí ẹ bá ju ẹ́ńjìnnì náà sí ààtàn, owó gidi lẹ jù síbẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni yíyí ọkọ̀ padà: ojú rẹ̀ lóde ò yàtọ̀, àmọ́ inú rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn, bóyá bíréèkì tó lágbára sí i, bóyá iná tó mọ́lẹ̀ jù, bóyá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn pátápátá. Iṣẹ́ kẹta ò ní orúkọ ńlá. Kí ọkọ̀ ṣáà máa rìn, kó máa dúró nígbà tí ẹ bá ní kó dúró, kó má sì gbiná mọ́ yín lórí.

Lójú tèmi, iṣẹ́ kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ wa nílò, pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìkejì. Iṣẹ́ kìíní dára, ó sì wu ojú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló tọ́ sí i, kì í sì í ṣe gbogbo àpò ló lè gbé e. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ohun kan wà tí kò yẹ kó bọ́ lọ́kàn yín: kò sí àyípadà tó dá dúró lára ọkọ̀. Ọ̀kan ló ń bí òmíràn. Ẹni tó ṣírò owó àkọ́bí nìkan, tí kò ka àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn, òun ni ọkọ̀ rẹ̀ máa ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù títí koríko á fi hù gba inú rẹ̀.

Kí ẹ tó yàn rárá, ẹ wo irú ọkọ̀ tó wà níwájú yín, torí pé níbí, ibi tí ẹ ti máa rí pááàtì ló ń pinnu púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Píjò 504 onílẹ̀kùn méjì. Ọdún 1968 ni 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin jáde. Onílẹ̀kùn méjì tẹ̀ lé e ní 1969, ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya ara rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1983. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin pọ̀ ní Kàdúná, gbogbo wa la sì mọ iye rẹ̀ tó gba ojú títì Ọ̀wọ̀ àti Òrè kọjá. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí onílẹ̀kùn méjì yín bá jẹ́ èyí tó ní ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin, àwọn àgbà mẹkáníìkì tó wà l'Ọ́ndó àti l'Ákùúrẹ́ mọ ẹ́ńjìnnì náà lámọ̀dunjú, ọ̀pọ̀ nǹkan abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì bá ti onílẹ̀kùn mẹ́rin pín. Àmọ́ ẹ wá dán an wò láti wá fẹ́ńdà rẹ̀ tàbí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ lè yí Ládípò po láti àárọ̀ dé alẹ́ kí ẹ má rí i, torí pé ara rẹ̀ ò bá ti onílẹ̀kùn mẹ́rin mu níbì kankan. Ìyẹn ni pé lára ọkọ̀ yẹn, ẹ́ńjìnnì tó kú kì í ṣe ẹkún. Fẹ́ńdà tó jẹrà lẹkún.

Karmann Ghia ti Volkswagen náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é láti 1955 dé 1974, ẹni tó bá rí i á pè é ní ọkọ̀ asáré, àmọ́ Ìjàpá (Beetle) ló wà lábẹ́ ẹ̀wù yẹn: ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ló ń mú un tutù, kò sí rédíétọ̀. Mẹkáníìkì tó bá ti tún Ìjàpá ṣe rí kò ní bẹ̀rù rẹ̀. MGB àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe láti 1962 sí 1980, wà ní òdìkejì. Mẹkáníìkì àdúgbò lè máà tíì fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ṣì ń ṣe pááàtì rẹ̀ lónírúurú, wọ́n tilẹ̀ ti ṣe odindi ara rẹ̀ ní tuntun fún títà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wíwá mọ́, ọ̀rọ̀ owó ẹrù àti kọ́sítọ́ọ̀mù ló kù. Datsun 240Z tó jáde ní 1969 wà láàárín méjèèjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọkọ̀ kan "rọrùn" tàbí "le". Ẹ bi í pé èwo ló rọrùn, ara ni àbí ẹ́ńjìnnì?

Ó yá, irin. Ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀, torí pé irin ló máa ń pa ọkọ̀ àtijọ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹkùn igbó ni Àkúrẹ́ wà. Òjò á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kò sì ní káwọ́ títí di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan tó láti jẹ irin tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Ọkọ̀ tó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù ti lè gbé àìsàn tirẹ̀ bọ̀: wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì níbẹ̀ nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn á sì sá pamọ́ sínú gbogbo kọ̀rọ̀ abẹ́ ọkọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó pàdé òjò wa.

Ìpata kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ ti rí i. Ìwú kékeré tó yọ lára ọ̀dà, inú ló ti jẹ wá sóde. Ẹ wá mágnẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ tó. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ wá máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ lára ọkọ̀: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, etí ibi tí táyà wà, eteetí gíláàsì iwájú, ìsàlẹ̀ búùtù. Ibi tí mágnẹ́ẹ̀tì bá ti kọ̀ láti lẹ̀ mọ́ lára ọkọ̀ onírin, bọ́dì fílà, lẹ́ẹ̀ tó ń gan tí wọ́n ń fi dí ojú irin, ni wọ́n fi dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi orí sikirudíráfà tẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Bó bá wọlé, ẹ ti mọ ibi tí owó yín ń lọ.

Apá tó ṣe pàtàkì jù ni irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ọkọ̀ akẹ́rù ní férémù irin ńlá tí wọ́n gbé ara rẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ò ní irú ẹ̀, ara wọn náà ni eegun wọn. Èyí tí kò bá wá ní òrùlé irin, bí MGB ṣe wà, irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ló di ọkọ̀ mú kó má ká ní àárín. Ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ fi máa gé e. Panel beater tó bá gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láìfi nǹkan di ara ọkọ̀ mú á rí i pé nígbà tó bá wẹ́ẹ̀dì tuntun mọ́ ọn tán, ilẹ̀kùn ò padé mọ́, kò sì ní padé mọ́ láéláé, torí pé ọkọ̀ ti tẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kí ọkọ̀ jókòó síbi tó tẹ́jú, kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì ọ̀pá irin kọjá ojú ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n wọn àyè etí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí wọ́n wá gé ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n parí rẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó yíjú sí ìkejì. Tí ẹni tó fẹ́ bá yín ṣe é bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti pọ̀ jù, fílà la máa fi dí i," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ síbòmíì.

Fílà fúnra rẹ̀ ò lẹ́bi. Ó wà fún dídọ́gba ojú irin tó ti mọ́ tó sì gbẹ, kó fẹ́lẹ́. Àmọ́ ó máa ń fa omi mu. Tí wọ́n bá fi dí ojú ihò, omi á gba ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀, irin tó yí i ká á sì máa jẹrà lábẹ́ ọ̀dà tuntun tó ń dán. Ìyẹn ni mo fi ní ìmọ̀ràn ẹni tó ń kun ọkọ̀ yẹn ò tíì tó àkókò: aṣọ àlà ló fẹ́ fi bo egbò. Níbi tí ìpata bá ti wà lójú irin nìkan, tí kò tíì lu, ẹ fi wáyà bíróòṣì ha èyí tó ń bó kúrò, kí ẹ fi oògùn ìpata tó ní fọsifóríìkì ásíìdì pa á. Ásíìdì yẹn á sọ ìyókù di awọ dúdú tó le. Ẹ nu ún kó gbẹ, kí ẹ sì fi práímà bò ó kíákíá, torí pé irin tó wà ní ìhòòhò ní Àkúrẹ́ nígbà òjò kì í pẹ́ tó fi ń pọ́n padà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mẹkáníìkì tó ní ká fi ẹ́ńjìnnì Toyota sí i, ká lè rí gbogbo ọmọ tí àyípadà kan ṣoṣo ń bí. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé Camry àti Corolla tó kún ìgboro wa, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n, ẹ́ńjìnnì wọn sì dùbúlẹ̀ ní ìbú. Ọkọ̀ asáré àtijọ́ irú 504, 240Z tàbí MGB, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n, ẹ́ńjìnnì wọn nà gbọọrọ láti iwájú sẹ́yìn. Nítorí náà ti Camry yẹn ò kàn ní wọ̀ ọ́. Ti Hiace tàbí Hilux ló nà bẹ́ẹ̀, òun náà sì tóbi ó sì wúwo. Ẹ gbà pé ó wọ̀ ọ́. Àwọn ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbé ẹsẹ̀ lé ti yàtọ̀, ẹ ó wẹ́ẹ̀dì tuntun. Jíà rẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó gé ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ ó sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa bá yín dọ́gba ìwúwo rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Rédíétọ̀ àtijọ́ ò ní lè mú un tutù nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn lọ́sàn-án gangan.

Epo ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì oníkabúrétọ̀ ò fẹ́ ju titẹ̀ díẹ̀ lọ nínú páìpù epo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kọ̀ǹpútà ń fún lépo máa ń fẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Rọ́bà epo àtijọ́ tó ti gbó á bẹ́ lábẹ́ irú agbára bẹ́ẹ̀, á sì máa tú epo sára sàlẹ́ńsà tó gbóná. Mi ò mọ ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ láti sun ọkọ̀. Nítorí náà ẹ ó pààrọ̀ páìpù epo láti táńkì dé iwájú, ẹ ó pààrọ̀ pọ́ǹpù, wáyà kọ̀ǹpútà tún ń dúró dè yín. Ó ṣeé ṣe, àwọn èèyàn ń ṣe é, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn. Mò ń sọ pé kí ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni.

Gbogbo ìyẹn tán, a ò tíì dé bíréèkì, òun gan-an sì ni ó yẹ kó ṣáájú. Tí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbà mọ́ ọn lára kó lè dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹni tó ń sá kìlómítà 120 ní wákàtí kan ti bẹ bíréèkì rẹ̀ ní iṣẹ́ mẹ́rin ẹni tó ń sá 60. Gbogbo agbára yẹn, ooru ló ń dà. Bíréèkì onílù, èyí tí ṣúù rẹ̀ wà nínú ìkòkò irin, ń há ooru mọ́ inú. Ẹ bá a sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ láìsinmi, yóò dé ibì kan tí ẹsẹ̀ yín á le tí ọkọ̀ ò sì ní gbọ́. Àjẹ́ kọ́, oògùn kọ́, ooru ni. Ìdí nìyẹn tí fífi bíréèkì onídíísíìkì rọ́pò ti onílù níwájú fi jẹ́ àyípadà kan tí mo fara mọ́ láìjanpata, kódà lára ọkọ̀ tí ẹ ò bá fẹ́ yí nǹkan mìíràn padà. Tí ẹ bá sì wá rin kinkin pé ohun gbogbo gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà, ẹ tọ́jú ti àtijọ́ sínú àpótí. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà lọ́la lè dá a padà.

Omi bíréèkì náà ní ọ̀rọ̀. DOT 3 àti DOT 4 tí à ń rà lọ́jà máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3 tuntun ò gbọdọ̀ hó títí ooru fi dé 205 lórí ìwọ̀n Celsius, àmọ́ tó bá ti mu omi, 140 lè tó láti mú un hó. Tó bá hó, oru rẹ̀ kún inú páìpù nìyẹn, pẹ́dà á sì rì wọlẹ̀ láìdá nǹkan dúró. Ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin báyìí, ìgò tí ẹ ti ṣí tí ẹ sì gbàgbé sórí pákó ò yẹ fún bíréèkì mọ́. Ẹ máa pààrọ̀ omi inú ọkọ̀ ní ọdún méjì-méjì, ẹ má sì jẹ́ kó kán sára ọ̀dà, á bó o dànù. DOT 5 tó jẹ́ ti sílíkọ́ọ̀nù ò bá wọn pò.

Ohun kan kù lórí bíréèkì, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ní ọkọ̀ tó ti ṣáájú 1968 jáde gbọ́ ọ dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yẹn, páìpù kan ṣoṣo ló ń pín omi fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ibì kan bá jò, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Àwọn tó jáde lẹ́yìn náà pín in sí méjì, kí ìdajì lè kù. A lè fi másítà (ẹ̀rọ tó ń ti omi bíréèkì lọ sẹ́sẹ̀ ọkọ̀) onípín méjì rọ́pò onípín kan, kò sì sí ẹni tó máa rí i láti ìta.

Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn fún ọdún pípẹ́ ò fẹ́ ìjà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á gbé bátìrì tuntun wá, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́. Bí ríìngì písítìnì bá ti lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà, nǹkan á ya. Ẹ yọ àwọn plọ́ọ̀gì, kí ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá fi sípánà yí i lọ́wọ́ níwájú, jẹ́jẹ́, síwá sẹ́yìn. Tó bá yí, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ fa epo àtijọ́ inú táńkì jáde. Epo tó ti pẹ́ máa ń di nǹkan tó ń lẹ̀, á sì dí àwọn ihò tín-ín-rín inú kabúrétọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé kabúrétọ̀ bàjẹ́ kí ẹ tó tú u fọ̀.

Wọ́n tún máa ń bẹ̀rù pé epo ayé òde òní á pa ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi òjé sínú bẹtiróòlù tẹ́lẹ̀, òjé náà sì ń ṣe bí ìrọ̀rí fún ibi tí fáàfù ń jókòó lé. Nítorí ìpalára tó ń ṣe fún ọpọlọ àwọn ọmọdé, wọ́n mú un kúrò káàkiri ayé, Àlìjíríà ló sì kẹ́yìn, ní 2021. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí orí wọn jẹ́ irin lásán, bíi ti MGB, lè rí i pé ìjókòó fáàfù ń jẹ bí wọ́n bá ń sáré púpọ̀. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ilé iṣẹ́ tó ń gé irin bá yín fi òrùka irin líle sí i nígbà tí ẹ bá tú orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kì í ṣe kí ẹ tú u nítorí rẹ̀ nìkan. Ti Píjò 504 àti Ìjàpá, àlùmíníọ́ọ̀mù ni orí wọn, irú òrùka bẹ́ẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ rọra máa wakọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká yára lórí iná. MGB tó ṣáájú ìparí 1967, àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, òdìkejì ohun tí gbogbo riwáyà ìsinsìnyí mọ̀. Ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan, ẹ kọ ọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì pàápàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rédíò tuntun yín á di èéfín. Àwọn ọkọ̀ yìí tún ń lo póìǹtì, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń padé láti fún plọ́ọ̀gì níná, tí àyè wọn kì í ju nǹkan bíi 0.4 mìlímítà lọ. Wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á wá máa kọ́ bí ẹni ń wúkọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń rọ́pò wọn, tó wọ inú ibi kan náà láìyọjú. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹ fi póìǹtì àtijọ́ àti kọ̀ǹdẹ́ńsà rẹ̀ sínú búùtù, torí pé bí ẹ̀rọ náà bá kú lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lálẹ́, kò sẹ́ni tó máa tà á fún yín níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gílóòbù iwájú tó mọ́lẹ̀ jù, ẹ fi rílé, suwíìṣì kékeré tó ń gba iná ńlá kọjá, sí i kí suwíìṣì àtijọ́ má baà yọ́. Fíúùsì tó jó, fíúùsì la fi ń rọ́pò rẹ̀. Bébà fàdákà inú páálí sìgá kì í ṣe fíúùsì, ohun yòówù kí ẹni tó ń ṣe é máa sọ.

Táyà: ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT lára rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, ó ti ṣáájú ọdún 2000, ẹ má tilẹ̀ fún un ní afẹ́fẹ́, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Gígé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè sún mọ́lẹ̀ ń wu àwọn ọ̀dọ́ FUTA gan-an. Kí wọ́n bi abẹ́ ọkọ̀ wọn léèrè lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ inú ọgbà ilé ní ewu tirẹ̀ tí wọ́ọ̀ṣọ́ọ̀bù mọ̀ tí àwa ò mọ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí à ń fi kọ́lé kì í gbé ọkọ̀. Ó máa ń là lójijì, kì í sì í kìlọ̀. Jáàkì nìkan náà ò tó. Ẹ ra ìdúró irin, ẹ dán ọkọ̀ tì kí ẹ tó ràkòrò wọ abẹ́ rẹ̀. Táńkì epo tó gbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, torí oru epo ló ń bú gbàmù, kì í ṣe omi epo. Ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn, ẹ má sì fún wẹ́dà tó bá ní kò sí wàhálà. Eruku bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́ lè ní asbestos nínú, fọ́nrán tín-ín-rín tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má fẹ́ ẹ. Ní ti kíkun ọkọ̀, mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ní yàrá rẹ̀. Nígbà òjò, ọ̀rinrin máa ń mú kí ojú ọ̀dà hu kùrukùru funfun. Nígbà ọyẹ́, eruku á bà lé e kó tó gbẹ. Ọ̀dà tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn tó ń mú un le kí wọ́n tó fín in sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìbòmú aláṣọ tó kù láti ìgbà Kòrónà ò lè dá a dúró.

Ìwé ọkọ̀ ló kù, òun sì ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sẹ́yìn. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá yí èyíkéyìí padà, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n yí i padà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ọlọ́pàá tàbí VIO tó bá dá yín dúró lójú ọ̀nà Ìlẹ̀ṣà, ohun tó wà nínú ìwé ló máa fi wé ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá rà, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rìsíìtì náà, kó má baà jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí wọ́n jí lẹ gbé wọlé. Bí panel beater bá ń gé irin, kó má fọwọ́ kan ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáásì sí. Ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà ṣáásì ò ní olówó, bó ti wù kó dán tó. Bó bá sì jẹ́ ogún ni, tí orúkọ olóògbé ṣì wà nínú ìwé, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kí ẹ sì yí orúkọ náà padà kí ẹ tó ra sáńpépà kan ṣoṣo.